Gìtá Agolo àti Bíírò Pupa

Winnipeg, Kánádà
4 Oṣù Kẹta, 2024

Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ káàárọ̀, sà. Bí ẹ ṣe kọ́ wa láti máa kí yín nìyẹn, mo sì ti kí yín tán.

Ọ̀rẹ́ Kazeem kan ló fi fídíò ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù lánàá. Ó ní kó wá wo bàbá àgbàlagbà kan ní Ọ̀rẹ́gùn tó ń fi nǹkan ilé ìdáná ṣe ohun èlò orin fún àwọn ọmọdé. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín náà dá, nítorí ó mọ ìtàn wa.

Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Irun yín ti funfun tán. Ẹ gbé garawa òróró onígun mẹ́rin lé itan, ẹ fi pákó ṣe ọrùn fún un, ẹ fa wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ mẹ́rin sójú rẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò bi yín pé, "Bàbá, ta ló kọ́ yín ní gìtá yìí?" Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi ni mo jókòó ro ó fúnra mi."

Ìgbà mẹ́fà ni mo dá ibi tí ẹ ti sọ ọ́ padà, kí n lè rí i bóyá ojú yóò tì yín. Kò tì yín.

Gìtá mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo ṣe é, lọ́dún 1995, mo sì gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jẹ́ ọ̀gá àgbà kí n lè ta á fún wọn gbọ́ lọ́jọ́ ìparí sáà. Ẹ̀yin lẹ gbé e sílẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ tó wà lórí ìlà àárọ̀, tí ẹ fi bàtà tẹ̀ ẹ́ títí ó fi pẹlẹbẹ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú fídíò náà, tó ń ta gìtá tirẹ̀, Nusrat ni. Ọmọ ọdún méje tí mo bí, tí mo fi sọ́dọ̀ Fàúsát ẹ̀gbọ́n Kazeem títí ìwé àṣẹ ìrìnnà rẹ̀ yóò fi jáde. Ọ̀dọ̀ Fàúsát ni mo fi í sí, mi ò fi í sọ́dọ̀ yín.

Mo ti pe Fàúsát. Ọmọ mi kò gbọdọ̀ tẹ àgbàlá yín mọ́.

Ẹ má pè mí. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti dí nọ́ńbà yín, mi ò sì ní ṣí i. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé gígùn onílà, bí ẹ ṣe máa ń ní kí èmi àti àbúrò mi Déolú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ṣẹ̀ yín. Fàúsát yóò ya á ní fọ́tò, yóò fi í ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, n ó fi bíírò pupa máàkì rẹ̀, n ó sì dá a padà fún àtúnṣe. Ẹ kò gbàgbé, àbí? Máàkì méje nínú mẹ́wàá ni ẹ máa ń fẹ́ kí ẹ tó dárí jì wá.

Moyọ̀sọ́lá


Ọ̀rẹ́gùn, Ìkẹjà
10 Oṣù Kẹta, 2024

Moyọ̀sọ́lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Báwo ni ẹ ṣe ń bá òtútù yín yí? Ooru níbí ò jẹ́ ká sinmi, ẹ̀rọ iná ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé sì ń hó tọ̀sán-tòru. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún. Inú mi dùn láti rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ló kún inú rẹ̀.

Fàúsát ló tẹ lẹ́tà rẹ jáde ní Ọ̀pẹ̀bì, tó mú un wá. Ẹnu géètì ló dúró sí, kò wọlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ìyàwó wa ní tí mo bá tún gbé ọmọ yìí wá, òun á ti Kánádà wá gbá mi létí." Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?" Ó ní, "Èmi? Èmi ò sí nínú ìjà yín. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mọ bàbá ìyá ẹ̀ ni."

Jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíìfù ọjọ́ Sátidé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ọmọ wọn mọ́ yàrá, bọ́ọ̀sì sítáàfù a wá kó wọn lọ. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ mẹ́ta tó rí ọ̀nà jáde ń lu géètì onípáànù mi. Mo mú igi, mo jáde láti lé wọn. Ṣùgbọ́n ìlù náà bára mu. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbọ́ ọ títí. Ní Sátidé kejì, mo kó agolo mílíìkì jọ fún wọn, a na rọ́bà bàlúùnù bo ojú rẹ̀. A fi ẹ̀wà sínú ike omi, ó di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. A lu ihò sí ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a fi wáyà so wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ náà ti di mẹ́tàdínlógún báyìí. Fàúsát náà ń ṣe ṣíìfù Sátidé nílé iṣẹ́ bisikíìtì, ìdí nìyẹn tó fi ń fi Nusrat sọ́dọ̀ mi láti oṣù Kìíní. Mo mọ̀ pé o ò ní gbà. Ìyẹn ni mi ò fi béèrè.

Ní ti ọ̀rọ̀ gìtá àtijọ́, inú ló bí mi lọ́jọ́ náà. Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀. Bí òbí ṣe ń tọ́ ọmọ láyé ìgbà náà nìyẹn. Tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, jọ̀wọ́ má bínú.

Jẹ́ kí ọmọ náà máa wá. Ó ti parí gìtá tirẹ̀, ó kù kó mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Ó tún ku nǹkan kan tí mo fẹ́ bi ọ́: àwọn gìtá tí à ń ṣe kò dún dáadáa. Ohùn wọn kú. Mo rántí pé tìrẹ máa ń dún láti ẹ̀yìnkùlé dé pálọ̀. Kí lo fi sábẹ́ àwọn wáyà náà?

Bàbá rẹ,
Ezekiel Ṣólúadé


Winnipeg
30 Oṣù Kẹta, 2024

Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni. Ẹ̀yin náà máa ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ wa sábẹ́ ìrọ̀rí títí di ọjọ́ kẹrin kí á lè máa gbọ̀n.

Máàkì yín: méjì nínú mẹ́wàá. Ọ̀kan fún ọwọ́ ìkọ̀wé, ọ̀kan fún àmì ohùn.

Ìlà kìíní: mo fagi lé "ọ̀wọ́n". Ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo nílò rẹ̀.

"Inú ló bí mi": irọ́ ni. Inú kò bí yín. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ yín, ẹ nu ojú rẹ̀, ẹ fi í sápò. Mo ń wò yín. Ṣé ẹni tí inú ń bí ló ń ráyè nu aago?

"Bí òbí ṣe ń tọ́ ọmọ láyé ìgbà náà": Màámi ńkọ́? Ṣé inú ayé mìíràn ni Màámi ti tọ́ wa ni?

"Tí mo bá ṣẹ̀ ọ́": mo fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ "tí" yẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún Déolú, ẹni ọdún mẹ́jọ, pé ẹni tó bá kọ "tí mo bá ṣẹ̀" kò tíì bẹ̀bẹ̀, ẹ sì ya ìwé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ tún ń bi mí ní ohun tí mo fi sábẹ́ wáyà. Ẹ fọ́ ọ, ẹ jí i, ẹ wá ń bi ẹni tó ni ín bí yóò ṣe dún. Ohùn rẹ̀ kú, ẹ jẹ́ kó kú bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí? Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń wẹ àwọn bàbá tí ọmọ wọn kì í wá wò wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi a máa ṣépè fún àwọn ọmọ náà. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Mo máa ń wo ọwọ́ bàbá náà, n ó máa ronú ohun tó fi ọwọ́ yẹn ṣe nígbà tó ní agbára.

Ẹ tún un kọ.

Moyọ̀sọ́lá


Ọ̀rẹ́gùn
7 Oṣù Kẹrin, 2024

Moyọ̀sọ́lá,

Mo kí ọ. Mo rí máàkì rẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi máàkì ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mi ò mọ̀ pé ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ọmọ tí mo bí yóò fún mi ní méjì. Tí ó bá jẹ́ pé ayọ̀ lo rí níbẹ̀, kó o gbádùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí o mọ ẹni tó ń jẹ ìyà. Munirat, aládùúgbò Fàúsát, ló ń bá a tọ́jú Nusrat lọ́jọ́ Sátidé báyìí. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ló ń jókòó láti àárọ̀ títí fèrè ilé iṣẹ́ yóò fi dún nírọ̀lẹ́. Fàúsát ní ó bi òun pé, "Ṣé Bàbá alágolo ti kú ni?" Èmi lo ń bá jà, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan lo ń fìyà jẹ. Ibo lo ti kọ́ ọ?

Ó dára. Màá kọ èyí tó yẹ kí n kọ. Mo tẹ gìtá rẹ fọ́ níwájú ọ̀ọ́dúnrún ọmọ. Òótọ́ ni pé inú kò bí mi. Mo fẹ́ kí àwọn tíṣà rí i pé n kì í ṣe ojúsàájú fún ọmọ mi, ara rẹ ni mo fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà mo ní kí o kúnlẹ̀, kí o kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kí o sì kà á sókè. Mo jẹ̀bi. Irọ́ ni mo sì pa nínú fídíò yẹn. Ìwọ lo ṣe gìtá náà, èmi kọ́. Ojú ayé ni mo ń ṣe nítorí pé wọ́n ń yìn mí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí. Nígbà tí ìwọ àti Kazeem fẹ́ ṣègbéyàwó tí mo ní mi ò ní wá, mo jẹ̀bi níbẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n bí a bá máa sọ òtítọ́, ká sọ gbogbo rẹ̀. Ìwọ náà ní ẹ̀bi díẹ̀. O mú wáyà bíréèkì Suara, mẹ́gáàdì ilé ẹ̀kọ́, láìbéèrè, o sì dúró níwájú mi, o ní òun ló fún ọ. Bí kò bá sí ìyẹn, ǹ bá má fọwọ́ kan gìtá rẹ.

Mo ti kọ ọ́. Jẹ́ kí ọmọ náà wá.

Bàbá rẹ


Winnipeg
9 Oṣù Kẹrin, 2024

Ọ̀gá Àgbà,

Mi ò ní ìkíni.

Òdo nínú mẹ́wàá.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi bíírò pupa yí ká: "O mú wáyà bíréèkì Suara láìbéèrè." Mi ò kọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ tún jókòó ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin yín, ẹ tún un kọ sínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìrìnnà Nusrat ti jáde. Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Karùn-ún, ni yóò wọ bàlúù. Sátidé méje ló kù. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, tàbí kí ẹ má kọ mọ́.

Moyọ̀sọ́lá


Ọ̀rẹ́gùn
12 Oṣù Karùn-ún, 2024

Moyọ̀sọ́lá,

Mo kí ọ. Mo kí Kazeem. Mi ò fi "ọ̀wọ́n" sí i.

Ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti ń wo ìlà tí o yí ká. Ìgbà mẹ́ta ni mo kọ lẹ́tà yìí, tí mo ya á. Sátidé márùn-ún ti lọ nínú méje, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi wọ́n ṣòfò.

O ò mú wáyà náà láìbéèrè. Suara ló fún ọ. Wáyà náà ti já, ó fẹ́ ra tuntun, ó sì ní kí o máa mú àlòkù lọ. Bí o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an nìyẹn, níwájú gbogbo wọn. Suara kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí, ó lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà kan ní òun rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìsí wáyà bíréèkì, mi ò sì tún béèrè nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Suara dé, ó sì wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ọ̀gá, mo gbọ́ pé ẹ fìyà jẹ Moyọ̀ nítorí wáyà mi. Èmi ni mo fún un o." Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo bi í pé, "Ta lo tún ti sọ fún?" Ó ní kò sí. Mo ní, "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò lè fojú kan àwọn tíṣà mi lẹ́ẹ̀kejì kí n sọ pé mo ṣe àṣìṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé Suara ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n dá a dúró. Gbogbo ìgbà tó bá dé géètì ni mò ń rí ohun tí mo ṣe, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé èmi ni mo dìídì fẹ́ jẹ́wọ́. Bíírò pupa rẹ ló sọ fún mi pé o mọ̀. Ká ní o ò mọ̀ ni, bóyá ǹ bá kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú mi.

Mo lọ wá Suara. Wọ́n ní ó ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú títí ó fi fẹ̀yìn tì, pé Agége ló ń gbé báyìí. Mo rí i. Ó jókòó níwájú ilé, ó ń gé èékánná. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá Àgbà! Ẹ ṣì ń mí?"

Mo ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́, Suara."

"Ẹ jókòó sórí àga yẹn. Ẹ má tẹ ẹní yìí o, mo fẹ́ kírun lórí ẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Nítorí wáyà tó ti já? Èmi mà rò pé torí pé mò ń sùn ni ẹ ṣe lé mi!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Torí mò ń sùn lóòótọ́." Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ọmọ mẹ́rin ni mo ní nígbà yẹn, Ọ̀gá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sílé." Ó ní, "Mo sọ fún ìyàwó yín o. Ọjọ́ tí mo ń kó ẹrù mi kúrò, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Kò sọ fún mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá rẹ tún fi gbé pẹ̀lú mi lẹ́yìn ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò fi ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọkọ̀ bọ̀ láti Agége ni mo rántí: Bàbá Moyọ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ìyá rẹ máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin ọmọ náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé àpọ́nlé ni. Mo tilẹ̀ fi í yangàn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Lánàá, mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún, tí gbogbo wọn jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú agolo wọn. Mo ní gìtá yìí kì í ṣe tèmi, ọmọ mi obìnrin ló ṣe é, mo sì tẹ̀ ẹ́ fọ́, mo pè é ní olè, kò sì jalè. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Rachael na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Bàbá, ta ló wá nà yín?" Mo ní kò sẹ́ni tó nà mí. Ó ní, "Wọn ò ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀?" Mo ní rárá. Ó wo àwọn yòókù, ó ní, "Hẹ̀n. Wọ́n gbà fún Bàbá jù." Ẹni tó ya fídíò ìjọ́sí ya èyí náà. Mo ní kó gbé e síta bó ṣe rí.

Nǹkan méjì ni mo fi sọ́wọ́ Fàúsát. Èkíní ni gìtá Nusrat. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kò yẹ kó wà lọ́dọ̀ mi. Èkejì ni ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo fipá mú ọ kọ lọ́dún 1995. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì, bí mo ṣe ń tọ́jú gbogbo nǹkan. "Mo jí wáyà Bàbá Suara. Mo sì purọ́ pé òun ló fún mi." Mo fún ọ ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, mo ní àmì ohùn rẹ kò pé. Mo ti fagi lé máàkì yẹn. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú: Ọmọ yìí kò ṣẹ̀.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí Nusrat wá mọ́. Ìwọ lo ni ọmọ rẹ.

Ezekiel Ṣólúadé


Winnipeg
9 Oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Nusrat dé ní ayọ̀ àti àlàáfíà.

Mo gba lẹ́tà yín ní oṣù tó kọjá. Sátidé méjì ṣì kù nígbà náà. Mo lè ní kí Fàúsát gbé Nusrat wá sọ́dọ̀ yín. Mi ò ní bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo gbàgbé tàbí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo mọ ọjọ́ tí ó jẹ́, mo sì jẹ́ kí ó kọjá.

Mi ò tíì dárí jì yín. Màámi mọ ọ̀rọ̀ Suara, wọ́n sọ ọ́ fún mi, a jọ dákẹ́ lórí tábìlì oúnjẹ yín fún ọ̀pọ̀ ọdún, à ń retí kí ẹ là á. Nígbà tí ẹ wá là á, Màámi ò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dárí irú ìyẹn jini.

Ìwé 1995 wà nínú àpò Nusrat. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ má bi mí ohun tí mo rò.

Ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú tú gìtá náà wò títí, Nusrat ní ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ta á gbọ́. Nígbà tó ta á fún èmi náà gbọ́ ní kíṣìnnì, mo gbọ́ ohun tó ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ojú garawa lẹ lò, ibi tí ìdérí rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́. Pákó lẹ sì fi gbé wáyà. Pákó ń pa ohùn. Òòyà ni. Òòyà onígi Màámi ni mo lò, èyí tí eyín rẹ̀ méjì ti kán. Mò ń wá nǹkan tí mo lè fi gbé wáyà, wọ́n fà á yọ nínú irun wọn, wọ́n ní, "Gbìyànjú èyí wò." Ẹ ó gbé e nàró lórí páànù, ẹ ó gba àárín eyín rẹ̀ fa wáyà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Òòyà náà wà lábẹ́ bàtà yín lọ́jọ́ yẹn. Màámi wá ṣa á lẹ́yìn tí ìlà túká.

Ẹ ra òòyà mẹ́tàdínlógún. Onígi ni kó jẹ́, oníke kò dára. Kí ẹ tó pín in, ẹ sọ orúkọ ẹni tó ni òòyà àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ẹ pè é ní Àbẹ̀kẹ́, ẹ má pè é ní "ìyàwó mi".

Lẹ́tà yín wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fún un ní máàkì kankan. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹ kì í máàkì iṣẹ́ tí kò bá tíì parí.

Nusrat ń bi mí bóyá àwọn Rachael ti ṣe tiwọn tán. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó bi yín fúnra rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wọ́, kò mọ àmì ohùn kankan, ó sì kọ orúkọ yín ní àkọtì.

Tí lẹ́tà náà bá dé, ẹ má fi bíírò pupa kàn án.

Moyọ̀sọ́lá